Omi ló bí ọjà Ọ̀jọ́, títì ló gbà á tọ́: kí ló kù fún oníṣòwò?

Ẹ bi ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Òkokomáíkò pé kí ló ń pinnu bóyá ọjà yóò tà lónìí, títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì ni yóò dárúkọ. Bí títì bá já geere, oníbàárà á dé. Bí títì bá dí láti Mile 2, onítọ̀hún á kàn jókòó máa lé eṣinṣin ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lẹ́yìn ìlú tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í rántí, àfi nígbà tí òjò bá rọ̀ tí àgbàrá sì wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Omi ni. Láti ọjà Alába, kò jìnnà rárá sí etí ọ̀sà tó wà ní gúúsù Ọ̀jọ́. Ọ̀sà yìí ló mú kí ìlú wà níbẹ̀, òun ló ń gba àgbàrá àdúgbò lọ sókun, ẹnu rẹ̀ sì ni ọjà òkè òkun tó kún Alába ń gbà wọlé. Ẹni tó bá mọ ìtàn omi náà á mọ ibi tí owó ti ń wọlé ní àdúgbò yìí, á sì mọ ibi tí owó ọ̀hún ń gbà jò.

NÍBI TÍ OMI DÍDÙN TI PÀDÉ OMI IYỌ̀

Bí ẹ bá wo máàpù etíkun láti Cotonou dé Èkó, ẹ ó rí omi gígùn tóóró kan tó ń bá òkun rìn, tí ilẹ̀ iyanrìn pẹlẹbẹ kan sì là wọ́n láàárín. Láti apá Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, omi náà gba Àgbádárìgì kọjá, ó gba ẹ̀yìn Ọ̀jọ́, ó sì já sí èbúté Èkó. Odò Yewa ń dà sínú rẹ̀. Odò Òwò ń dà sí ọ̀sà Ológe tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Òkokomáíkò, ọ̀sà yẹn náà sì ń já sínú omi kan náà. Lápá kejì Èkó, odò Ògùn ń dà sí ọ̀sà ńlá, odò Ọ̀ṣun sì ń gba ọ̀sà Lẹ́kí wá bá wọn.

Gbogbo omi tó pọ̀ tó báyìí, ẹnu kan ṣoṣo ló ní ní ìlú Èkó tó ń ṣí sókun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin: ẹnu èbúté tó wà láàárín Victoria Island àti etíkun Tarkwa Bay. Lápá ilẹ̀ Benin, àwọn Faransé ló gbẹ́ ẹnu mìíràn sí Cotonou lọ́dún 1885. Nígbà òjò, omi dídùn inú odò máa ń ti omi iyọ̀ padà sókun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a tún máa wọlé bí omi bá ń kún, a sì padà bó bá ń fà. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja fi mọ̀ pé ìgbà ni ọjà àwọn: òbòkún ní àsìkò tirẹ̀, ẹ̀pìyà ní tirẹ̀, edé àti akàn náà ní tiwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kò ta ẹja rí. Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní àsìkò tí omi òkun ń kún, omi ọ̀sà kò rí ibi yára jáde. Ohun tí kò bá rí ọ̀nà jáde, ẹ̀yìn ló máa padà sí. Gọ́tà tí omi yẹ kó gbà lọ sí ọ̀sà á wá máa gbé omi wá sílé. Oníṣọ́ọ̀bù á rò pé òjò ọjọ́ yẹn nìkan ló fà á, kò mọ̀ pé òkun wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

AWO RÌ, ÌLÚ DÌDE

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ yìí. Nínú ìtàn tí àwọn àgbà wọn ń sọ, Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀lé awo kan tó ń léfòó lórí omi. Níbi tí awo náà bá rì sí ni kí wọ́n tẹ̀dó sí. Ìṣẹrí, létí odò Ògùn, ló ti rì. "Awo ti rì" ni wọ́n wí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pe wọ́n ní Àwórì. Láti Ìṣẹrí ni wọ́n ti tàn ká dé Èkó, Ọ̀tà, Ìbà, Ọ̀jọ́ àti àwọn ìlú mìíràn létí omi. Títí dòní, Ọlọ́jọ́ ni wọ́n ń pe ọba Ọ̀jọ́, Oníbà sì ni ọba Ìbà. Láti ìwọ̀ oòrùn ni àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ẹ̀gùn, ti wá. Àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ náà wá pẹja, wọ́n sì jókòó.

Omi tó kó gbogbo wọn jọ yìí náà ni ọ̀nà òwò wọn. Ọkọ̀ ọpọ́n ń gbé ẹja, iyọ̀, epo pupa, èkùrọ́, àgbọn àti ẹní láti ọjà kan dé òmíràn. Omi náà sì ti ru ohun ìtìjú, nítorí ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà kó ẹrú ní Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, tí wọ́n sì gba Àgbádárìgì lọ́dún 1863, epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n ń wá lójú omi yẹn. Ẹni tó bá di ọ̀sà mú ló di owó orí ọjà mú.

Àṣà ìgbà yẹn kò tíì kú. Ní àwọn ìlú Àwórì, bí wọ́n bá kéde Orò, obìnrin kì í jáde, ọjà pàápàá á sì dákẹ́ ní àwọn wákàtí tí wọ́n bá dá. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tí kò béèrè ọjọ́ ọdún ìlú lè gbé ọjà tó máa bàjẹ́ wá lọ́jọ́ tí kò ní rí ẹni tà á fún.

ẸNU OMI TÍ ỌKỌ̀ ŃLÁ KÒ LÈ WỌ̀

Àwọn tó rò pé Èkó ti jẹ́ èbúté ńlá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ń tan ara wọn jẹ ni. Òkìtì iyanrìn abẹ́ omi kan wà ní ẹnu ọ̀sà tó máa ń ṣípò kiri. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ ńlá láti òkè òkun kò lè kọjá lórí rẹ̀. Ìta ni wọ́n ń dúró sí, tàbí kí wọ́n lọ já ẹrù sí Forcados kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá sí Èkó. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ń gbé ẹrù kan sókè tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, iye owó tí yóò sì lé lórí rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ rà á.

Ní nǹkan bí ọdún 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá sínú òkun láti fi ṣe odi ní ẹnu èbúté, wọ́n sì ń gbẹ́ iyanrìn kúrò. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ńlá tó rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ èbúté Àpápá ní àwọn ọdún 1920. Ṣùgbọ́n odi òkúta náà dá iyanrìn tí òkun ń gbé kiri dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria Island. Ohun tó la ọ̀nà fún ọkọ̀ ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn òmìnira, owó epo rọ̀bì dé, èbúté kò sì gbà á mọ́. Lọ́dún 1975, ìjọba àpapọ̀ ra símẹ́ǹtì tó pọ̀ ju ohun tí Àpápá lè já lọ. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tò sójú òkun fún oṣù púpọ̀, símẹ́ǹtì mìíràn dì sínú ọkọ̀, Nàìjíríà sì ń san owó ìdádúró fún àwọn tó ni ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí wọ́n yára kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1977.

ỌDÚN TÍ TÍTÌ GBA IṢẸ́ LỌ́WỌ́ ỌKỌ̀ ỌPỌ́N

Àwọn ọdún 1970 yẹn náà ni Ọ̀jọ́ yí padà. Wọ́n la títì márosẹ̀ láti Èkó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Lọ́dún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà, àwọn ẹ̀yà mọ́tò sì ń gba èbúté wọlé láti òkè òkun. Iṣẹ́ náà dákẹ́ ní àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n títí dòní, Volks ni àwọn kọndọ́ ń pè ní ibùdókọ̀ yẹn. Lọ́dún 1977, wọ́n ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Trade Fair, ibi tó padà di ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò àti àwọn oníṣòwò Balógun. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó wá sí Alába tó wà ní Ọ̀jọ́. Gómìnà Lateef Jakande, tó ṣèjọba láti 1979 sí 1983, kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, ìjọba rẹ̀ náà ló sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1983.

Láàárín ọdún mẹ́wàá péré, ìlú apẹja àti àgbẹ̀ ti di ìlú oníṣòwò. Alába di ibi tí wọ́n ti ń wá ra fíríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ orin láti gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni fíìmù àgbéléwò àti rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn olórin ti ń jáde lọ sí ìgboro ní àwọn ọdún 1990 àti 2000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU náà sọ Ìyànà Ìbà àti Òkokomáíkò di ọjà fún ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń ṣe fótókópì, ẹni tó ń ran aṣọ àti ẹni tó ń háyà yàrá.

Kò sẹ́ni tó tún bojú wẹ̀yìn wo ọ̀sà. Ọkọ̀ ọpọ́n kò lè bá bọ́ọ̀sì díje. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé gbogbo ọjà tuntun yìí ṣì wà lọ́wọ́ omi. Èbúté ni kọ̀ntẹ́nà ń gbà wọlé, títì kan ṣoṣo ló sì ń gbé e láti èbúté wá sí Ọ̀jọ́. Ẹnu omi kan, títì kan: bí ọ̀kan bá dí, gbogbo rẹ̀ ló dí.

OHUN TÍ OMI Ń GBÀ PADÀ

Lọ́dún 1984, ewé omi kan tó ní òdòdó àlùkò gba ọ̀nà ilẹ̀ Benin wọ ọ̀sà Àgbádárìgì. Ó ń léfòó bí ojú oró, ó sì ń pọ̀ bí ẹni ń dà á. Kò pẹ́ tó fi bo ọ̀nà ọkọ̀, tó há mọ́ àwọ̀n apẹja, tó sì ń wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Nígbà òjò ló ń gbilẹ̀ jù, torí pé kò fẹ́ràn omi iyọ̀. Àwọn tó ń ná Ọ̀jọ́ láti àwọn abúlé tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, bí Irewe, mọ ohun tí ewé yìí ń ná wọn ní epo àti ní àkókò.

Omi ìdọ̀tí àwọn ilé iṣẹ́ Àgbárá ń dà sí ọ̀nà ọ̀sà Ológe. Ilẹ̀ àbàtà tó máa ń fa omi òjò mu, wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ sí i láti fi kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀, àbàtà ni agbada tí omi ń dúró sí kó má bàa wọlé. Ẹni tó bá dí agbada, kó má bínú bí omi bá wá wọ yàrá.

Ọjà Alába fúnra rẹ̀ ní ẹ̀bi tirẹ̀. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó. Wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ntẹ́nà ló ń wọlé lóṣù kan, wọ́n sì ní ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú wọn ni kò ṣe é tún ṣe mọ́. Òkú tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ni wọ́n ń fọ́, tí wọ́n ń sun wáyà wọn láti yọ kọ́pà. Òjé inú wọn ń bá àgbàrá lọ sínú gọ́tà, ó sì ń gba ibẹ̀ dé ọ̀sà tí wọ́n ti ń pẹja. Lọ́dún 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti pàǹtí rẹ̀, àjọ NESREA ló sì ń mójú tó o. Oníṣòwò tó gbé òkú ẹ̀rọ wọlé ti pàdánù lọ́nà méjì: owó ọjà ti lọ, òfin sì tún lè mú un.

RELUWÉ Ń BỌ̀, OMI ŃKỌ́?

Àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ti fi han oníṣòwò Ọ̀jọ́ pé kò yẹ kó gbára lé ọ̀nà kan. Láti nǹkan bí 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì Àgbádárìgì, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ gan-an. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà, àwọn tó kù sì fi ọdún púpọ̀ tajà nínú eruku àti kòtò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè, wọn kò sì ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tó ń ta ọjà fún àwọn ará Benin àti Togo rí ohun tójú rẹ̀ rí. Láàárín àkókò kan náà, tírélà tò láti Àpápá dé ibi tí ojú kò tó, kí wọ́n tó gbé ètò Ẹ̀tọ́ dé ní oṣù Kejì ọdún 2021, tó ń pe tírélà wọ èbúté lọ́kọ̀ọ̀kan.

Reluwé Blue Line ni ìrètí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti Marina dé Òkokomáíkò ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí, nǹkan bí kìlómítà 27. Apá kìíní, láti Marina dé Mile 2, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Apá kejì ni yóò gbé e dé Òkokomáíkò. Bí ó bá dé, oníbàárà tó ti Ìsàlẹ̀ Èkó wá kò ní sí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ kò ní dúró síbi tó wà. Ẹni tó ń háyà lọ́dọọdún láìní ìwé àdéhùn tó múná dóko ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ "kó jáde".

Ṣùgbọ́n reluwé yìí, èèyàn ló ń gbé, kì í gbé kọ̀ntẹ́nà. Ibẹ̀ ni omi ti tún wọ ọ̀rọ̀. Nígbà tí títì Àpápá dí pátápátá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní báàjì kó kọ̀ntẹ́nà gba ojú ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú àti ibòmíràn. Ohun tó ṣeé ṣe lójú ọ̀sà Ìkòròdú kò yẹ kó jẹ́ àlá lójú ọ̀sà Ọ̀jọ́, bí ìjọba bá gbẹ́ ọ̀nà omi tó jinlẹ̀ tó, tí wọ́n sì ń kó ewé kúrò. Èbúté Lẹ́kí tó ṣí lọ́dún 2023 náà jìnnà sí Ọ̀jọ́ púpọ̀ lórí ilẹ̀. Omi ọ̀sà ló so wọ́n pọ̀.

Ewu wà níbẹ̀ o. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọkọ̀ ojú omi kan tó kó èrò láti Mile 2 lọ sí Ìbèṣè dojú dé lálẹ́, ẹ̀mí tó lé ní mẹ́wàá sì bá a lọ. Àjọ LASWA tó ń mójú tó ọ̀nà omi Èkó ti ń kìlọ̀ pé kí ọkọ̀ má rìn lálẹ́, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹni tó fẹ́ dé ọjà kò gbọ́dọ̀ fi ìkánjú ra ikú.

OHUN TÍ ONÍṢÒWÒ KÉKERÉ LÈ MÚ LÒ

Kí ẹ tó gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ wò ó ní oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kì í ṣe ní oṣù Kìíní. Ẹ wo ara ògiri, bóyá ìlà omi ọdún tó kọjá wà níbẹ̀. Ẹ bi aládùúgbò, ẹ má bi onílé nìkan. Bí ẹ bá ti gbà á tán, ẹ gbé ọjà sókè kúrò nílẹ̀, pàápàá jù lọ ẹ̀rọ iná, ìwé àti aṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà láti òkè òkun, ẹ fi ọjọ́ ìdádúró kún ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yá owó, tí ẹrù sì pẹ́ ní èbúté, èlé ń bí ọmọ, owó ìdádúró kọ̀ntẹ́nà náà ń bí tirẹ̀. Àwọn márùn-ún tó bá pawọ́ pọ̀ gbé kọ̀ntẹ́nà kan, tí ìwé wọn sì pé kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, sàn ju ẹnì kan tó dá gbé e, tó wá ń sáré wá ìwé lẹ́yìn.

Ẹ mọ ìjọba tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti yọ ìjọba ìdàgbàsókè Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì jáde lára Ọ̀jọ́. Kí ẹ tó san owó fún ẹni tó mú rìsíìtì wá, ẹ rí i dájú pé àdúgbò yín ló wà lórí rìsíìtì náà.

Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má ṣe dúró de ìjọba. Ẹgbẹ́ ọjà tó bá ń kó o kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, owó ọjà ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Òkú ẹ̀rọ àti wáyà, ẹ má sun ún, ẹ má sì jù ú sí ojú àgbàrá. Ẹ kó o fún àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti gbà á.

Àwọn ẹgbẹ́ ọjà Alába, Ìyànà Ìbà àti Òkokomáíkò ti máa ń kọ̀wé sí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ títì. Ó tó àkókò kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà omi àti ilẹ̀ àbàtà náà wà nínú lẹ́tà wọn, nítorí títì tí wọ́n fẹ̀ tí kò ní ibi tí àgbàrá rẹ̀ yóò gbà, odò ni yóò dà. Àwọn àgbà ní omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Oníṣòwò tó bá gbàgbé ọ̀nà omi ni ọjà rẹ̀ ń léfòó.